Atẹ́gùn Ọ̀dà, Atẹ́gùn Oko

Ohun tí Monísọ́lá gbàgbọ́ nípa táyà kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó gbàgbọ́, ó dì í mú ṣinṣin bí àwọn ẹlòmíràn ti í di Ìwé Mímọ́ mú. Ó gbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ ni táyà jẹ́ fún ọkọ̀, àti pé ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn lórí ọ̀dà kọ́ ló yẹ kí a fi rìn nínú oko. Lórí ọ̀dà, táyà gbọ́dọ̀ le, kí ọkọ̀ má baà máa wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, kí epo má sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà oko, níbi tí òkúta ti yọ orí síta tí gbòǹgbò sì dábùú ilẹ̀, táyà gbọ́dọ̀ rọ̀, kó lè tẹ̀ mọ́ ohun tó bá pàdé, kó sì gba ìyà náà mọ́ra, kó má gbé e lé ẹni tó jókòó lókè lọ́wọ́.

Kẹ́hìndé, ọkọ rẹ̀, ló fi píkọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ kì í wọn táyà. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi ta á. Bí ẹsẹ̀ bá ti dùn ún, táyà ti le tó nìyẹn. Monísọ́lá kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi ṣòfò, nítorí náà ó ra géèjì tí a fi ń wọn atẹ́gùn, ọ̀kan tí kò gùn ju gègé ìkọ̀wé lọ, ó sì ń gbé e sínú àpò gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ìṣáná tàbí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ẹ̀gẹ́ ló ń fi ọkọ̀ náà kó láti Òmù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gààrí ní Ìkọ̀lé. Bí ẹrù ẹ̀gẹ́ bá kún ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn a gba atẹ́gùn márùndínláàádọ́ta lójú géèjì. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, márùndínlógójì ti tó fún ọ̀dà, mẹ́rìnlélógún sì ti tó fún oko. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ìbàdí òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ ti táyà iwájú ní àgbàlá ilé wọn ní Ìkọ̀lé, ó ń fi géèjì wò ó, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde.

“Ṣé àdúrà ni?” ni ìyá àgbà náà bi í.

“Táyà ni, Màmá.”

“Ó jọ àdúrà.”

Màmá Oyin ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí Oyin àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Èkó. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Etí rẹ̀ ṣì mú, ojú rẹ̀ ṣì ríran, ahọ́n rẹ̀ kò sì rẹ̀ ẹ́. Ìbàdí nìkan ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ìgbà tó ṣubú lásìkò ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbàdí yìí gan-an ni gbogbo ìdílé Ọláìtán, ìdílé ọkọ Monísọ́lá, gbójú lé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀ràn ààlà ni. Lẹ́yìn ìlú Àsin, ní abà wọn, ilẹ̀ ìdílé Ọláìtán àti ti ìdílé Adéoyè pàdé ara wọn. Pèrègún kan ṣoṣo ni àwọn baba fi pààlà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n pèrègún kì í dúró lójú kan. Ó ti ya ọmọ, ọmọ náà sì ti ya ọmọ, títí ó fi di agbo mẹ́ta: ọ̀kan lókè, ọ̀kan létí odò, ọ̀kan láàárín tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ìdílé Adéoyè ní ti òkè ni ààlà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo kòkó tí Kẹ́hìndé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ti lọ nìyẹn, kòkó tí Monísọ́lá fi rán àwọn ọmọ wọn, Ìkẹ́olúwa àti Pẹ̀lúmi, níwèé dé ibi tí wọ́n dé. Ìdílé Ọláìtán ní rárá, ti etí odò ni. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbìn ín, Màmá Oyin nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Ìyàwó titun ni nígbà náà, òun ló pọn omi fún àwọn àgbà mu. Baálẹ̀ abà ti ní kí wọ́n gbé e wá kó fi ìka rẹ̀ tọ́ka.

Ó ku ohun méjì. Èkíní ni pé ní abà náà, ẹni tó bá jáde láti lọ tọ́ka ààlà kò gbọdọ̀ yí padà lójú ọ̀nà. Bó bá yí padà, wọ́n á ní ilẹ̀ ló kọ̀ ọ́, ẹ̀rí rẹ̀ ti bàjẹ́ títí láé. Èkejì ni ife tíì.

“Ìyá Ìkẹ́,” ni Màmá wí, ó na ife tánganran funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síwájú. Tíì kún inú rẹ̀, ó dúdú, ó ń rú èéfín. “Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Mo máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà Àjíǹde tí wọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí ibùsùn ni mo ti gbọ́ ìwàásù ọjọ́ ìsinmi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Tíì mi ń bá mi lọ. Bó bá dà sí mi lára, a ó padà sí ulé.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká dà á sínú fúláásì.”

“Ṣé fúláásì ló ń dun ìbàdí?”

Monísọ́lá sọ géèjì sínú àpò. Ó gbé ìyá àgbà náà jókòó síwájú, ó dì í ní bẹ́líìtì, ó sì wa ọkọ̀ jáde. Lórí ọ̀dà kò sí wàhálà. Ó yẹ kòtò sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ìyàwó tí ń yẹ ẹsẹ̀ àwọn àna nínú yàrá tó kún, tíì náà sì ń mì díẹ̀díẹ̀ nínú ife, ṣùgbọ́n kò kọjá etí.

Níbi tí ọ̀nà oko ti yà kúrò lórí ọ̀dà, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ìdérí ẹnu táyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi orí kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn ń jáde tùùù.

“Kí ló ń sunkún níbẹ̀?” ni Màmá béèrè láti inú ọkọ̀.

“Táyà ni, Màmá. Mo ń dín in kù.”

Ẹni tó bá ń dín atẹ́gùn táyà kù ní gbangba ní agbègbè yẹn gbọ́dọ̀ ní sùúrù, nítorí kò sí ẹni tí yóò kọjá tí kò ní bá a kẹ́dùn. Ọkùnrin kan tó fi alùpùpù gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màdáámù. Táyà ti sọ̀.”

“Ẹ ṣé o. Èmi ni mo ń sọ ọ́ kalẹ̀.”

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. “Kí ni táyà fi ṣe yín?”

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tó ń bọ̀ láti ìsìn àárọ̀ dé. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò sọ ọ̀nà náà di ìrọ̀rùn. Monísọ́lá ṣe àmín tọkàntọkàn, nítorí ìrọ̀rùn gan-an ló ń wá. Nígbà tí géèjì sọ fún un pé ó ti di mẹ́rìnlélógún yíká, ó gun ọkọ̀, wọ́n sì wọ inú oko. Píkọ́ọ̀pù náà ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá gun òkúta, òkúta náà a dàbí ẹni pé ó tẹrí ba. Màmá wo ife rẹ̀, ó wo ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́nu Màmá, ìyìn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilé Bàbá Ṣèyí wà lójú ọ̀nà. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Ṣèyí, ìyàwó ilé kì í sì í gba iwájú ilé baba ọkọ kọjá bí ẹni tí ń gba ọjà kọjá. Níbẹ̀ náà ni Ọládiípọ̀, àbúrò Kẹ́hìndé, ti sọ pé òun yóò ti pàdé wọn. Ọ̀yẹ́ ni Ọládiípọ̀ ń gbé. Òun ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan níbẹ̀, ó sì ti gun alùpùpù wá pẹ̀lú búbá àti ṣòkòtò funfun tí eruku kò rí ibi kan bà lé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lójú fèrèsé ọkọ̀, ó kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó wọlé lọ kí Bàbá, òun yóò dúró ti Màmá.

Monísọ́lá wọlé, ó kúnlẹ̀, Bàbá Ṣèyí sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ọmọ tó wà nílé. Ó kọjá sí àwọn tó wà ní Ìbàdàn, ó dé Èkó, ó yà sọ́dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Kánádà. Ìgbà tí àdúrà wà ní Kánádà ni Monísọ́lá gbọ́ tí ẹ̀rọ kan ń dún gbẹ̀ẹ̀ẹ̀ níta. Ó mọ̀ pé ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà alùpùpù ní pọ́ǹpù sí iwájú ilé náà. Ṣùgbọ́n a kì í la ojú nínú àdúrà, a kì í sì í gbà pé a gbọ́ nǹkan.

Nígbà tó jáde, Ọládiípọ̀ ti jókòó sórí àga ẹ̀yìn nínú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ojú rẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìtọrẹ tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun.

Òkúta àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé kì í ṣe òkúta tó lórúkọ. Píkọ́ọ̀pù gùn ún, ó sì ta gìrì bí ẹṣin tí agbọ́n ta. Orí Ọládiípọ̀ kan òrùlé. Tíì fò kúrò nínú ife, ó dúró díẹ̀ lójú òfúrufú, ó sì bọ́ sórí ìró Màmá.

Monísọ́lá tẹ bíréèkì. Gbogbo wọn wo ìró náà. Àbàwọ́n rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

“Ó dà,” ni Màmá wí.

Monísọ́lá pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Ó mú géèjì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọn táyà iwájú: márùndínláàádọ́ta. Ó wọn ti ẹ̀yìn: márùndínláàádọ́ta. Ó yí ọkọ̀ po, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì le bí orí olórí kunkun. Ó padà wá sí fèrèsé ẹ̀yìn.

“Ẹ̀yin ọkọ mi, ta ló fún táyà wọ̀nyí ní atẹ́gùn?”

Ọládiípọ̀ ń wo igi ọ̀pẹ kan bí ẹni pé ọ̀pẹ náà ń bá a sọ̀rọ̀ pàtàkì. “Oore ni, ìyàwó wa. Oore kì í pariwo.”

“Oore yín ti dà sórí ìró Màmá.”

“Ẹ wò ó. Gbogbo ìdílé Adéoyè ló jókòó dè wá níbẹ̀. Ṣé ká wá yọ sí wọn lórí táyà tó ń wọ́lẹ̀ bí ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ já? Wọ́n á ní àwọn ọmọ Ọláìtán kò rí atẹ́gùn fún táyà.”

“Atẹ́gùn kọ́ la wá gbà lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ ni.” Ó yíjú sí Màmá. “Màmá, ṣé ẹ kò rí wọn nígbà tí wọ́n ń fún un?”

“Mo rí wọn. Mo rò pé ìwọ lo rán wọn. Uṣẹ́ táyà, èmi kò mọ̀ ọ́n.” Ó gbé ife rẹ̀ sókè wò, ó ṣẹ́ ku ìdajì. “Ẹ jẹ́ ká padà.”

Monísọ́lá dúró pẹ̀lú géèjì lọ́wọ́. Kòkó náà ló wá sí i lọ́kàn, bí Kẹ́hìndé ti máa ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wí nígbà tí wọ́n ṣì kéré, bí ẹni pé ọmọ iléèwé ni wọ́n. Kò bá Màmá jiyàn. Ẹni tó ti lo àádọ́rùn-ún ọdún láyé láìyẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a kì í kọ́ ọ ní yíyẹ ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà oko. Ó wo ọwọ́ òsì: ilẹ̀ pupa ló ga bí ògiri. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún: kòtò àgbàrá ni.

“Màmá, ọkọ̀ kò lè yí níbí. Kò fẹ̀ tó.”

“Fi ẹ̀yìn rìn.”

“Bí a bá fi ẹ̀yìn rìn, òkúta tó da tíì yín náà la ó tún gùn, ìdí ọkọ̀ la ó sì fi gùn ún.”

Màmá gbé e yẹ̀ wò. “Ìyẹn burú,” ni ó wí. “Lọ síwájú, kí o wá ibi yíyí.”

“Mo gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dín táyà kù.”

Ọládiípọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò funfun rẹ̀ sókè, ó lóṣòó ti táyà ẹ̀yìn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ẹnu táyà. Atẹ́gùn tó fi sínú rẹ̀ jáde pẹ̀lú eruku, ó sì fẹ́ lù ú lójú.

“Ó tó àbí kò tó?” ni ó béèrè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Monísọ́lá fi géèjì wò ó. “Kò tíì tó.”

“Ìyàwó wa, ó ti ń ṣe bí aláìsàn lójú mi.”

“Ẹ jẹ́ kó ṣàìsàn díẹ̀ sí i.”

Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ̀ tán, wọ́n tẹ̀ síwájú láti wá ibi tí wọn yóò ti padà. Gbòǹgbò ń kọjá lábẹ́ wọn, òkúta ń kọjá, kò sì sí èyí tó dé ibi tí ìbàdí wà. Ọládiípọ̀, tó ti gbé ọwọ́ sókè tẹ́lẹ̀ láti fi dáàbò bo orí rẹ̀, sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo òrùlé ọkọ̀. Ó wo ilẹ̀ láti ojú fèrèsé.

“Ọ̀nà yìí ti dára sí i,” ni ó wí.

“Ọ̀nà náà ni,” ni Monísọ́lá dá a lóhùn.

Wọ́n yí òkè kékeré kan po, pápá gbalasa kan sì yọ. Monísọ́lá mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹ̀gẹ́ ti ń yí. Ó fẹ̀ débi pé tírélà lè yí níbẹ̀ kó má fọwọ́ kan ewéko. Òun fúnra rẹ̀ ti yí níbẹ̀ ju bó ti lè kà lọ. Kò dín ìrìn kù, kò sì fi kún un. Bí Màmá bá sọ pé “níbí,” òun yóò yí. Ó ti pinnu bẹ́ẹ̀.

Ọládiípọ̀ na ọrùn. “Màmá, ibí yì—”

Monísọ́lá wò ó láti inú díńgí. Ọládiípọ̀ sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà di ikọ́, ó sì wú u dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ohùn lò.

Màmá ti rí pápá náà. Ó wò ó láti ìgbà tó yọ títí tó fi kọjá, bí a ti ń wo ojúlùmọ̀ tí a kò fẹ́ kí. Lẹ́yìn náà ó gbé ife sẹ́nu, ó mu tíì tó kù tán, ó fi etí ìró nu ẹnu.

“Ibi yíyí ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà yìí,” ni ó wí.

“Ó ṣọ̀wọ́n, Màmá.”

Wọ́n dé ibi ààlà kí oòrùn tó kan àtàrí. Baálẹ̀ àti àwọn àgbà jókòó lábẹ́ igi obì, àwọn Adéoyè sì to ara wọn sí apá kejì. Àánúolúwapọ̀, agbẹnusọ wọn, ọkùnrin gíga tí kì í tètè jókòó, ló kọ́kọ́ pàdé ọkọ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Táyà yín ti sọ̀ tán pátápátá.”

Ọládiípọ̀ ló fèsì, ohùn rẹ̀ le. “Ti oko ni,” ni ó wí.

Monísọ́lá kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. “Màmá, a ti rí ibi yíyí.”

“Yí i.”

Ó yí i, títí imú píkọ́ọ̀pù fi kọjú sí ọ̀nà Ìkọ̀lé. Ọ̀rọ̀ Màmá ti ṣẹ nìyẹn. Nígbà náà ni Màmá sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, ó sì kí Baálẹ̀.

Àánúolúwapọ̀ gbé ọwọ́ sókè. “Baálẹ̀, ẹ wò ó! Ọkọ̀ wọn ti kọjú sílé. Kí a tó gbọ́ ẹ̀rí kankan, ìbéèrè kan ń bẹ lẹ́nu mi. Ṣé ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n yí padà lójú ọ̀nà?”

Monísọ́lá wo Màmá. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá bi Màmá, Màmá kò ní purọ́.

Baálẹ̀ fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin. “Di ìbéèrè rẹ mú. Wọ́n ti dé. Kí wọ́n tọ́ka ná, nígbà tí wọ́n bá tọ́ka tán, o ó bi wọ́n.”

Màmá na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ife òfìfo náà ṣì wà lọ́wọ́ kejì. Ìka rẹ̀ kò lọ sí òkè, kò sì lọ sí etí odò. Àárín ló lọ, síbi agbo pèrègún tí ẹnikẹ́ni kò kà sí.

“Ìyẹn ni ìyá àwọn tó kù,” ni ó wí. “Omi tí mo pọn ni wọ́n fi bomi rin ín. Òkúta odò mẹ́ta ni wọ́n ní kí n kó wá sábẹ́ rẹ̀. Ó wúwo. Mo ṣì ń bínú sí wọn.”

Wọ́n fi àdá wú ìdí rẹ̀. Òkúta mẹ́ta tó ń dán wà níbẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò, irú èyí tí kì í sí níbikíbi àfi nínú odò.

Gbogbo kòkó Kẹ́hìndé bọ́ sí apá ti ìdílé Ọláìtán. Gbogbo àkùrọ̀ láti àárín lọ dé etí odò bọ́ sí ti Adéoyè. Àánúolúwapọ̀ wo àkùrọ̀ náà, bó ti tutù, bó ti gùn tó. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

“Ìwọ, ìbéèrè kan ń bẹ lẹ́nu rẹ,” ni Baálẹ̀ rán an létí.

“Baálẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ̀,” ni Àánúolúwapọ̀ wí, ó sì jókòó.

Ọládiípọ̀ nìkan ló dúró, tó ń wo àkùrọ̀ yẹn. Ó ti fi ọkàn gbẹ́ adágún ẹja síbẹ̀, ó ti fi ọkàn bọ́ wọn, ó kù díẹ̀ kó kó wọn lọ sọ́jà Ìdó.

“Màmá,” ni ó wí, “ibi ẹja mi—”

“Ẹja ń bẹ lọ́jà Ìkọ̀lé.”

Monísọ́lá rìn wọ inú kòkó díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan igi tó sún mọ́ ọn jù lọ, ó sì padà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ láti dúpẹ́.

“Dìde,” ni Màmá wí. “Àbí táyà lo tún ń wò?”

Wọ́n padà wọ́ọ́rọ́wọ́ bí wọ́n ti lọ. Nígbà tí wọ́n kọjá pápá gbalasa yẹn, ojú ẹnì kan kò yà sí i. Níwájú ilé Bàbá Ṣèyí, Ọládiípọ̀ ní kí wọ́n dúró díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì pe ọkùnrin tó ni pọ́ǹpù, nítorí ọ̀dà kò jìnnà mọ́. Ọkùnrin náà tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó fa okùn rọ́bà dé ẹsẹ̀ ọkọ̀.

“Mélòó ni kí n fún un, ọ̀gá? Ṣé bí ti àárọ̀?”

Ọládiípọ̀ la ẹnu. Ó pa á dé. Ó yíjú sí fèrèsé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹrí ba díẹ̀.

“Ìyàwó wa, mélòó?”

“Márùndínlógójì,” ni Monísọ́lá wí. “Ẹ bá mi fi géèjì yìí wò ó.”

Màmá na ife òfìfo náà jáde láti ojú fèrèsé rẹ̀.

“Kí wọ́n tó parí rẹ̀,” ni ó wí, “ẹ bá mi bi wọ́n nínú ilé bóyá omi gbígbóná wà.”